Orúkọ tí kò sí lára ọ̀rá Cream Crackers

Mo tú ọ̀rá Cream Crackers ti Jacob's láàárọ̀ yìí, mo ki ẹyọ kan bọ inú tíì, kí n sì tó ṣẹ́jú, ìdajì rẹ̀ ti já sílẹ̀ sínú ife. Bisikíìtì yìí kò ní krímù kankan nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré láìbéèrè ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun, òróró, iyọ̀ àti ìwúkàrà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á jẹ́ kí ó wú, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po ní ìpele-ìpele kí wọ́n tó yan án, ìdí nìyẹn tí ó fi ń rún wómúwómú lẹ́nu. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde kí ó má baà wú kọjá ààlà.

William Jacob àti Robert àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bisikíìtì ní ìlú Waterford, ní Ireland, ní 1851. Láìpẹ́, iṣẹ́ náà dé Dublin, níbi tí Cream Crackers ti jáde ní 1885. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń pa ìtàn náà tì sí, bí ẹni pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ló ń po ìyẹ̀fun tí wọ́n sì ń di ẹrù fúnra wọn.

Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Dublin. Ní oṣù Ògún 1911, nǹkan bí 3,000 nínú wọn daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó iṣẹ́ àti ìnira ibi iṣẹ́. Ọmọge ọdún méjìdínlógún kan tí ń jẹ́ Rosie Hackett wà láàárín wọn, kò sì pẹ́ tí òun àti àwọn mìíràn fi dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ obìnrin sílẹ̀. Nígbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ Dublin ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 1913, Jacob's wà lára wọn, Hackett sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ìjà náà.

Ní 1916, àwọn ọmọ Ireland tó dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba iléeṣẹ́ ọ̀hún, wọ́n sì fi ṣe odi fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní bisikíìtì àti kéèkì sú wọn jẹ. Thomas MacDonagh, ọ̀gá wọn níbẹ̀, ni wọ́n yìnbọn pa ní ọjọ́ 3, oṣù Èbìbí. Hackett pàápàá jà lọ́sẹ̀ náà, ní St Stephen's Green, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Dublin.

Ní 2014, Dublin ṣí afárá kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ lórí odò Liffey. Mo mọ̀ pé ara ọ̀rá bisikíìtì kò gba ìtàn gígùn, ṣùgbọ́n Jacob nìkan ni mo rí nígbà tí mo yí tèmi síhìn-ín sọ́hùn-ún, àyè ìlà kan sì ṣẹ́ kù dáadáa lábẹ́ rẹ̀.