Òǹkàwé náà lọ́wọ́ nínú ewì Ukraine
Wọ́n ń pín in kiri pé ewì àwọn ará Ukraine ti parí ní kété tí akéwì bá ti gbé kálàmù sílẹ̀, pé òǹkàwé kò fi nǹkan kan kún un. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oleksandr Potebnia, onímọ̀ èdè ní ìlú Kharkiv ní Ukraine, ti ṣàlàyé ní ọdún 1862 pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ọnà bá parí, ọkàn àwọn tó ń lóye rẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ẹ wo ewì «Zapovit» (ìyẹn «Ìwé Ìhágún») tí Taras Shevchenko, akéwì ará Ukraine, kọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1845: òun kọ́ ló fún un ní àkọlé yìí, àwọn olóòtú ni, àwọn òǹkàwé fi ọwọ́ ṣe àdàkọ rẹ̀ káàkiri, olùkọ́ kan, Hordii Hladkyi, sì fi ohùn orin sí i ní ìlú Poltava, ó sì di orin tí gbogbo ìlú ń kọ.