Èsì wa sí ẹni tó fún wa ní ìràwọ̀ kan lórí ìrìn Boesmanskloof, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ láàárín òkè ní South Africa

Ẹ kú àárọ̀ mà. A rí ohun tẹ́ ẹ kọ, a dúpẹ́.

Ẹ ní a fi yín sílẹ̀ sínú oòrùn, ẹ ní gáìdì wa ò mọ̀nà, ẹ ní omi tá a ní kẹ́ ẹ wá wẹ̀ dúdú bí omi gọ́tà, ẹ tún ní a gba 1,200 rand lọ́wọ́ yín láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ rán ara wa létí, torí àwọn tó ń ka èyí kí wọ́n tó mọ̀ bóyá káwọn bá wa rìn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Sátidé ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2025 ni. Lóṣù Kejì, oòrùn agbègbè Robertson yẹn kì í ṣeré, wọ́n ṣì ń kórè àjàrà lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tá a fi kọ ọ́ sínú mẹ́séèjì tá a fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ Tọ́sìdeè pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mọ́tò máa gbéra ní ìlú kékeré McGregor. Awakọ̀ wa ti wà lẹ́nu géètì ibi tẹ́ ẹ sùn sí kí aago mẹ́fà tó lù. Ó pè yín lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ yọjú, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún un pé wáìnì àná ló fà á, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Òun náà bá yín rẹ́rìn-ín, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, kò ní bá oníbàárà jà. Àmọ́ oòrùn ò dúró de ẹnì kankan.

Bàtà ńkọ́? Méjì nínú yín wọ sílípáàsì wá. Ọ̀kan tiẹ̀ ní òdòdó róbà lórí. Gáìdì tẹ́ ẹ ní kò mọ̀nà yẹn, McGregor ni wọ́n bí i sí, òun ló yọ bàtà tó máa ń gbé sínú báàgì ẹ̀ tó fi bọ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ ò kọ ìyẹn síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ronú àtilọ, bí ibẹ̀ ṣe rí rèé. Ọ̀nà mọ́tò tó jáde láti McGregor, bíi kìlómítà 15, ó kàn parí sórí òkè ni, níbi tí wọ́n ń pè ní Die Galg, wọn ò là á já. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì láàárín àwọn òkè Riviersonderend, bíi kìlómítà 6 kẹ́ ẹ tó dé Oakes Falls níbi tómi ti ń já látorí àpáta. Àlọ ló dẹ̀, àbọ̀ ló le, torí òkè tẹ́ ẹ sọ̀ láàárọ̀ lẹ máa gùn lọ́sàn-án gangan. Ohun tí aago mẹ́fà ààbọ̀ wà fún nìyẹn o, kì í ṣe pé a kórìíra oorun yín.

Omi yẹn náà, kò dúdú, ó pọ́n bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Igbó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní fynbos ló ń ro sínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ odò orí òkè ní Western Cape ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bu ú sọ́wọ́, ẹ máa rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ yín nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin gan-an wẹ̀ níbẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, fọ́tò ẹ̀ ṣì wà lórí Facebook yín bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ó wá ku 1,200 rand. Nígbà tí gáìdì ní ó yá ká yí padà, ọkọ yín àti ọ̀rẹ́ wọn ní àwọn ò gun òkè kankan mọ́, àwọn á kúkú rìn ín já sí Greyton, ìlú tó wà lódìkejì òkè. Lóòótọ́ ọ̀nà náà já síbẹ̀, kìlómítà 14 ni gbogbo ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ rìn ín á ti ṣètò ibi tó máa sùn. Gáìdì ṣàlàyé pé mọ́tò wa ò sí lọ́hùn-ún, pé láti Greyton bọ̀ wá sí McGregor lórí títì lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà torí ńṣe lèèyàn máa yí gbogbo òkè yẹn po. Wọ́n ní àwọn á rí takisí. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Aago márùn-ún kọjá, fóònù wa dún. Awakọ̀ tó ti délé tó ti bọ́ bàtà tún wọ̀ ọ́ padà, aago mẹ́wàá alẹ́ ló tó rí oúnjẹ jẹ. Owó epo àti wàhálà ẹ̀ nìyẹn, ọkọ yín ló sì dá iye yẹn lórí fóònù, ẹ bi wọ́n.

Ibi tá a ti kùnà, màá sọ ọ́: omi lítà kan tá a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ò tó, ó ti di méjì báyìí. Mo tún bá gáìdì sọ̀rọ̀ pé kò yẹ kó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò lọ́dọ̀ òun, ó ní ṣé kóun so àgbàlagbà mọ́ igi ni. Mi ò rí èsì fún un.

A máa dá 600 rand padà fún yín, ẹ má rò pé torí a jẹ̀bi ni o. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ padà wá lóṣù Kẹsàn-án, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀fẹ́ ni, títí kan owó pẹ́míìtì CapeNature, àjọ tó ń bójú tó ibẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ náà ni. Kẹ́ ẹ sì bá wa mú bàtà gáìdì yẹn dání bọ̀, a ti ń wá a látoṣù Kejì.