Sọ̀wédowó Tó Ga Ju Gólì Lọ

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ọlọ́lá tẹ́ ẹ tún gbé sọ̀wédowó ìlérí òmíràn jáde fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa lọ́sẹ̀ yìí. Mo rí fọ́tò náà. Sọ̀wédowó páálí ọ̀hún bo gólì-kípà pátápátá, bàtà rẹ̀ nìkan la rí, ọ̀kan sì ti ya lẹ́nu. Ó wuyì! Ṣùgbọ́n báńkì wo l'Ókèṣà, l'Ádó-Èkìtì níbí, ló fẹ́ gbà á wọlé? Ilẹ̀kùn wọn tó máa ń há èèyàn mọ́ àárín nítorí kọ́kọ́rọ́ lásán, ṣé páálí tó tó ògiri ló máa jẹ́ kó kọjá? Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbé e gba ojú fèrèsé. Ṣé akọ̀wé owó á gun àkàbà kó tó lu òǹtẹ̀ sí i ni? Bí òjò bá dé, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á rí nǹkan fi borí. Kápẹ́ńtà tó kan férémù rẹ̀ nìkan ni mo gbà pé ó rówó gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ariwo. Ọmọ ọlọ́mọ ń sáré nínú oòrùn, owó oṣù ò wọlé, ẹ̀ ń ya fọ́tò! Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ọwọ́ ìjọba ló ń wò. Ìjọba bá wúkọ́, ebi dé. Tolówó àdáni ńkọ́? Leventis United ti Ìbàdàn gba Challenge Cup, ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Nàìjíríà, lọ́dún 1984 àti 1986. Abiola Babes gbà á lọ́dún 1985 àti 1987. Orí rédíò bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, a pariwo títí ohùn fi há. Olówó káwọ́ kúrò, ẹgbẹ́ méjèèjì ròkun ìgbàgbé. Èmi náà mọ ìyà owó ìlérí: àwọn kan jẹ mí lówó iṣẹ́, àmì-ẹ̀yẹ onígíláàsì ni wọ́n fi ránṣẹ́. Mo fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Ẹ̀ ń sanwó nílé ìwòran l'Ájílòsùn kẹ́ ẹ lè bá Arsenal sunkún. Ṣùgbọ́n ní gèètì pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọkùnrin tó bá wọn sáré gba fàdákà fún Nàìjíríà ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Barcelona lọ́dún 1992, kí wọ́n ní kẹ́ ẹ já tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo yín á di ẹ̀gbọ́n kóòṣì. Àbúrò yín tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá ọ̀hún ò rówó ọkọ̀ padà sílé. Ẹ sanwó jàre!