Iná sítátíìkì kọ́ ló ń jẹ́ kí mẹ́sọ̀ yín máa da ẹ̀tù ségesège

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rílóòdù ọta fúnra yín nílé, ìyẹn ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tún ẹ̀tù àti orí ọta kó sínú kòròfo ọta, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ sítátíìkì yìí ti pọ̀ jù. Kẹ́nì kan ṣáà ti sọ pé mẹ́sọ̀ òun, ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀tù sínú kòròfo ọta, ò da ẹ̀tù dọ́gba mọ́, kíá wọ́n á ní iná sítátíìkì ni, iná tó máa ń wà lára nǹkan gbígbẹ tó bá ń fara ra ara wọn, kó lọ fi dryer sheet, aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jù sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, nu hópà, ìyẹn ike tí ẹ̀tù máa ń wà lókè mẹ́sọ̀. Á nu ún, ẹ̀tù á ṣì máa pọ̀ á ṣì máa kéré, kò wá ní mọ ibi tó kàn mọ́.

Sítátíìkì wà lóòótọ́ o. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ máa rí hóró ẹ̀tù tó lẹ̀ mọ́ ara hópà oníke, ẹ máa rí i nínú ọ̀pá tó ń gbà bọ́ sínú kòròfo náà. Ṣùgbọ́n hóró mélòó ló lẹ̀ mọ́bẹ̀? Àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù pàápàá ti sábà fi gráfáìtì bò ó lára látilé kó lè máa ṣàn dáadáa, kí iná yẹn sì má gbá jọ sí i lára. Tí ìwọ̀n yín bá wá ń fi ìdajì gréènì, ẹyọ ìwọ̀n kékeré tá a fi ń wọn ẹ̀tù, yàtọ̀ síra, ẹ wá ibòmíì wò.

Mẹ́sọ̀ ò mọ bí nǹkan ṣe wúwo tó, àyè ló mọ̀. Ihò kan ló wà nínú rótọ̀ rẹ̀, ìyẹn apá tó ń yí nínú rẹ̀, ohun tó bá ti wọ ihò yẹn náà ló máa dà sílẹ̀, bó kì bó fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀tù olóbìírípo wẹ́wẹ́ fi máa ń ṣàn bí omi, tí èyí tó gùn bí igi kéékèèké sì máa ń yọni lẹ́nu, rótọ̀ á máa gé e, ẹ̀yin náà á gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé ó ń rún.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn hóró gígùn yẹn máa ń dábùú ara wọn nínú ọ̀pá, ẹ̀tù ò ní bọ́ tán, kòròfo yìí á gba díẹ̀, tó bá wá já bọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á gba tiẹ̀ á tún gba àjẹkù ti àkọ́kọ́. Ọta tí ẹ̀tù ẹ̀ kéré lè há sínú ojú ìbọn, tẹ́ ẹ bá yin òmíì tẹ̀ lé e ìbọn lè bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó gbà jù náà léwu bákan náà. Ẹni tó ń fi dryer sheet nu hópà ò ní wá èyí rárá!

Ọwọ́ yín náà ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá ń rọra gbé apá mẹ́sọ̀ lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ tún ń já a lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀tù ò lè kì bákan náà, ẹ fọwọ́ kan náà ṣe é látòkè délẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí hópà fẹ́ẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó rọ òmíì sí i, ẹ sì da àwọn ìwọ̀n ẹ̀tù àkọ́kọ́ padà sínú rẹ̀ títí ìwọ̀n á fi dúró sójú kan. Tí mẹ́sọ̀ bá jẹ́ tuntun, ẹ nu òróró iléeṣẹ́ kúrò.

Síkéèlì ńkọ́, àwọn kan á da ìwọ̀n ẹ̀tù mẹ́wàá pọ̀ wọ́n á wá fi mẹ́wàá pín in, wọ́n á ní ó pé. Kò pé o! Ọ̀kan tó dín, ọ̀kan tó lé, wọ́n á kan bo ara wọn mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ wọ̀n wọ́n. Gréènì kan ò ju gíráàmù 0.0648 lọ, atẹ́gùn fáànù lásán lè yí i, nítorí náà ẹ pa fáànù, ẹ jẹ́ kí síkéèlì oníná gbóná díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi òkúta ìwọ̀n tó dá yín lójú dán an wò kẹ́ ẹ tó dá mẹ́sọ̀ lẹ́bi.

Kẹ́ ẹ tó fi orí ọta dé kòròfo kankan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo wọn lórí pátákó wọn, kẹ́ ẹ wò bóyá ẹ̀tù wọn dọ́gba. Èyí tó bá ṣe yín bákan, ẹ dà á jáde kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.