Òjé rírọ̀ kọ́ ló ba inú ìbọn yín jẹ́

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan nínú àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ ṣeré ìdárayá máa ń yọ́ òjé fúnra wọn, wọ́n á sì dà á ní ọta. Láàárín wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́: bí òjé bá ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, ọta ti rọ̀ jù nìyẹn, ẹ wá èyí tó le. Owó á jáde, wọ́n á ra òjé tí wọ́n fi antimony, èròjà tó ń mú òjé le, lú, òjé á sì tún máa lẹ̀. Nígbà míì á burú ju ti tẹ́lẹ̀.

Gáàsì gbígbóná látinú ẹ̀tù ló ń ti ọta jáde. Bí ọta bá fi díẹ̀ tóbi ju ihò ọ̀pá lọ, á dí i pa. Bí ó bá kéré, gáàsì á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á máa họ òjé ara rẹ̀, á sì máa fọ́n ọn sára irin. Ọta tó rọ̀ díẹ̀ lè wú nígbà tí ẹ̀tù bá tì í nídìí, kó sì dí àlàfo náà. Èyí tó le kò ní wú. Òjé tí kò ní àbùlà jẹ́ nǹkan bí 5 lórí ìwọ̀n Brinell, tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe le tó. Linotype, àdàlù òjé tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ń lò láyé ọjọ́un, tó 22. Agbára .38 Special lásán, irú ọta ìbọn ìléwọ́ kan tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, kò lè mú ọta tó le tó 22 wú.

Elmer Keith, òǹkọ̀wé nípa ìbọn ní Amẹ́ríkà, tó wà lára àwọn tó bẹ ilé iṣẹ́ ìbọn àti ọta títí .44 Magnum, ọta ìbọn ìléwọ́ alágbára, fi jáde ní 1955, òjé 16 sí tin (tánganran) 1 ló fi ń da ọta rẹ̀. Ìyẹn kò sún mọ́ líle Linotype rárá.

Nítorí náà, ìwọ̀n títóbi ọta àti ihò ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ rí i dájú pé ìbọn ṣófo, ẹ fi òróró pa inú ọ̀pá, ẹ ti òjé rírọ̀ gbà á kọjá, kí ẹ sì fi micrometer, irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan tíntìntín, wọn ohun tó jáde. Bí ó bá jẹ́ 0.357 ínṣì, ọta 0.358 ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ní revolver, ìbọn ìléwọ́ tí ibi tí wọ́n ń ki ọta sí máa ń yí, gbọ́dọ̀ wọn ẹnu ihò tí ọta ń gbà jáde kó tó wọ ọ̀pá pẹ̀lú. Bí ẹnu náà bá kéré ju ọ̀pá lọ, ó ti fún ọta náà tín-ín-rín kó tó débẹ̀, líle kankan ò sì lè tún un ṣe.

Ibi tí òjé lẹ̀ sí náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá, ẹ fura sí ìwọ̀n títóbi ọta. Bó bá jẹ́ apá ẹnu ìbọn, gírísì ara ọta ló tán lọ́nà.

Líle wúlò o: òjé tí kò ní àbùlà kò lè gba agbára .357 Magnum tó kún, èyí tó lágbára ju .38 Special lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 12 lórí Brinell tó fún ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́. Lójú tèmi, ọta líle tà jù nítorí pé kì í tẹ̀ nínú páálí.

Ẹ má sì yin ọta tí wọ́n fi bàbà bò láti fi gbá òjé jáde. Ṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, tí ìfúnpá á sì ga sí i. Ẹ já kànìnkànìn bàbà tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, ẹ wé e mọ́ búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́, kí ẹ fi ha inú ọ̀pá. Kí ẹ kọ́kọ́ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí kànìnkànìn náà: bó bá fà á, irin tí wọ́n kùn ní bàbà ni, á sì ha ọ̀pá yín. Fínígà tí wọ́n pò mọ́ hydrogen peroxide, ẹ jìnnà sí i; ó ń yọ́ òjé lóòótọ́, àmọ́ májèlé ló ń sọ ọ́ dà.