Agẹmọ kì í wo aṣọ kó tó yí àwọ̀ padà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí agẹmọ kan ní oko kòkó wa lẹ́bàá Ìjerò-Èkìtì, ó fi igi gbé e wálé. Ó tẹ́ ìró àǹkárá pupa ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e lé e lórí, gbogbo ilé sì pé bò ó. Ó ní, "Ẹ dúró ná, ó máa tó pọ́n." A dúró títí, agẹmọ kò pọ́n. Ńṣe ló ṣú dùdù, tó-tò-tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ ikùn, ó lanu kalẹ̀, ó ń mí hùù. Màmá wa àgbà ní bóyá aṣọ yẹn ni kò fẹ́. Wọ́n fi funfun pààrọ̀ rẹ̀. Dúdú náà ló ṣì ń ṣú sí i.

Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀rọ̀ aṣọ kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo mọ ibi tí a ti gbọ́ ọ pé àwọ̀ ohun tí agẹmọ bá wà lórí rẹ̀ ló ń mú. Ta ni kò gbọ́ ìtàn Olókun tó pe Olódùmarè níjà aṣọ, tí Olódùmarè rán Agẹmọ sí i, tó jẹ́ pé èyí tí Olókun bá wọ̀ jáde ni Agẹmọ náà ń wọ̀? Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, n óò sì máa pa á fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ Olódùmarè nìyẹn. Ti orí igi kòkó, bó ṣe ń ṣe é lára ló ń fi àwọ̀ sọ.

Ẹ wò ó láàárọ̀ ọyẹ́. Á dúdú, á kọ ẹ̀gbẹ́ kan sí oòrùn, nítorí ohun dúdú ló ń gba ooru jù. Ẹni tó bá wọ aṣọ dúdú rìn lọ́sàn-án mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá ti móoru, àwọ̀ náà á mọ́ díẹ̀díẹ̀. Lóru tó bá sùn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá débi pé bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí igbó, òun lẹ ó kọ́kọ́ rí.

Lọ́dún 2015, Michel Milinkovitch àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Geneva yẹ awọ irú agẹmọ kan tó ń gbé Madagascar wò. Wọ́n bá àwọn kóró wínníwínní níbẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, àwọn kóró náà á sún mọ́ra, àwọ̀ aró ni wọ́n á máa dá padà. Aró yẹn pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè tó wà lókè awọ ló ń di àwọ̀ ewé lójú wa. Bí akọ mìíràn bá yọ sí i, àwọn kóró á jìnnà síra, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ní 2008, Devi Stuart-Fox àti Adnan Moussalli ti kọ ìwádìí jáde lórí àwọn agẹmọ kéékèèké Gúúsù Áfíríkà. Tó bá jẹ́ torí ìfarapamọ́ ni agẹmọ ṣe ń yí àwọ̀ padà, èyí tí ibùgbé rẹ̀ ní àwọ̀ oríṣiríṣi ló yẹ kó mọ̀ ọ́n yí jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń yọ sójú jù nígbà tí wọ́n bá ń bá ara wọn jà, tàbí tí wọ́n ń wá abo, làwọ̀ wọn ń yí jù.

N kò sọ pé kì í fara pamọ́ o. Àwọ̀ tó ní nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ti jọ ewé àti èèpo igi tẹ́lẹ̀. Ẹ tún wo ìrìn rẹ̀: á gbésẹ̀, á mi síwá mi sẹ́yìn bí ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́. Tó bá rí yín, á rọra yí sí òdìkejì ẹ̀ka. Kò sì ní oró kankan, ẹ má pa á.

Mo ní kí ọmọ náà gbé e padà. Ó gun ẹ̀ka, ó dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ikùn rẹ̀ wálẹ̀, tó-tò-tó náà lọ, àwọ̀ ewé padà dé. Mo bojú wo ọmọ náà kí n tó tún wo igi, mi ò sì mọ èwo ni ewé, èwo ni agẹmọ mọ́.