Ẹ Má Sọ Fún Mi Pé Irọ́ Ni Gbogbo Shtrafbat

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n kan tó kàwé ní Rọ́ṣíà láyé ìgbà kan, tí mo sì bọ̀wọ̀ fún gan-an, ló ní kí n yé fi àkókò mi ṣòfò lórí Shtrafbat, síríìsì tẹlifíṣọ̀n nípa bàtálíọ̀nù ìjìyà tí ìjọba Soviet kó àwọn ọmọ ogun tiwọn tó ṣẹ̀ sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pé irọ́ pátápátá gbáà ni, pé àwọn tó ṣe é kórìíra ilẹ̀ bàbá wọn ni. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo gan-an ni irọ́ wà níbẹ̀?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: wọn ò kó ọ́físà pọ̀ mọ́ olè sínú bàtálíọ̀nù kan náà, ẹni tó ń jìyà kọ́ ló ń ṣe kọmáńdà, àlùfáà kankan ò sì fi aṣọ àlùfáà gbé ìbọn. Mo gbọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ ló dùn mí wọra, wọ́n ní àwọn èèyàn yẹn ò jìyà kankan tó ju ti ṣọ́jà yòókù lọ.

Háà!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Rọ́ṣíà gbé e jáde ní 2004, apá 11, Nikolai Dostal ló darí ẹ̀, ẹ mọ Tverdokhlebov, ẹni tí Aleksei Serebryakov ṣe. Ọ́físà ni, Jámánì mú un lójú ogun, wọ́n ní kó wá bá àwọn ṣe, ó kọ̀, wọ́n yìnbọn fún un, àmọ́ kò kú, ó rá jáde nínú kòtò òkú tòun tọgbẹ́ lára, ó wá ọ̀nà padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀. Ìgbà tó débẹ̀ ńkọ́? Wọ́n tì í mọ́lé. Ohun tí wọ́n ń wá lẹ́nu ẹ̀ ni ìdí tó fi wà láàyè. Mo dá fíìmù dúró níbẹ̀, mo dìde, mo ń rìn káàkiri pálọ̀, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn kì í ṣe àròsọ onífíìmù. Àṣẹ 270 tí Stalin, olórí ìjọba Soviet, àtàwọn ọ̀gá ológun gbé jáde lóṣù August 1941 sọ pé ọ́físà tó bá jọ̀wọ́ ara ẹ̀ fún ọ̀tá, ọ̀dàlẹ̀ ni, kí wọ́n lọ mú àwọn ará ilé ẹ̀. Ìyàwó tó wà nílé, tí kò mọ bí ogun ṣe ń lọ, òun náà ti jẹ̀bi. Ẹ wá ní ọkùnrin tó tẹ̀wọ̀n Jámánì bọ̀ ò jìyà ju ṣọ́jà yòókù lọ?

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti ẹgbẹ́ ìjìyà gan-an wá dé. 28 July 1942, Àṣẹ 227, ẹ má ṣe padà sẹ́yìn kódà kó jẹ́ ìṣísẹ̀ kan. Mi ò ní ṣe bíi pé n ò mọ bí nǹkan ṣe le tó nígbà yẹn o, Rostov ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Jámánì ni, wọ́n ń bọ̀ lọ́nà Stalingrad, wọ́n tún ń lọ síbi epo Caucasus, ẹni tílé ẹ̀ ń jó ò ní ráyè fi sùúrù sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àṣẹ yẹn ní kí wọ́n ṣe: bàtálíọ̀nù fún àwọn ọ́físà tó ṣẹ̀, nǹkan bí 800 èèyàn nínú ẹyọ kan, kọ́ńpìnnì fún ṣọ́jà lásán, 150 sí 200, kí wọ́n kó wọn síbi tó le jù. Ó wà nínú àṣẹ yẹn fúnra ẹ̀ pé Jámánì ti ń ṣe irú ẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tiwọn, pé ó sì ti ṣiṣẹ́, káwọn náà kọ́ ọ. Ọ̀tá tó wá run yín lẹ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Wọ́n kà á fún gbogbo ṣọ́jà létí, síbẹ̀ wọn ò tẹ̀ ẹ́ síta fún aráàlú títí di 1988.

Èyí tó ń dà mí láàmù jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Oṣù kan sí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń dá fún èèyàn níbẹ̀. Tí ọta bá bà ẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ jáde, o ti san gbèsè ẹ nìyẹn, wọ́n á dá ipò ẹ padà fún ẹ. Tó o bá kú náà, o ti san án. Tó ò bá wá fara gbọgbẹ́ tó ò sì kú, o ṣì jẹ gbèsè títí ọjọ́ ẹ á fi pé, àfi tó o bá ṣe nǹkan akọni tí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn? Kí èèyàn máa gbàdúrà pé kí ọta wá ba òun lápá kó má bà òun lórí? Mo ro ó títí, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e sí tó máa jọ òdodo. 427,910 èèyàn ló gba ibẹ̀ kọjá láti 1942 sí 1945, lọ́dún 1944 iye tí wọ́n ń pàdánù lóṣù kan tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà ti ọmọ ogun yòókù. Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi wé mílíọ̀nù 34 tó wọṣẹ́ ológun, pé wọn ò tó nǹkan. Wọn ò tó nǹkan kẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n tún mú ti àwọn zagradotryad wá, àwọn ọmọ ogun Soviet tí wọ́n fi sẹ́yìn láti dá ẹni tó bá ń sá lójú ogun dúró. Nínú síríìsì, àwọn ni wọ́n ń fìbọn dúró de ẹni tó bá sá padà. Ẹ̀gbọ́n ní láàárín August sí àárín October 1942, 140,755 ni wọ́n mú, 131,094 ni wọ́n kàn dá padà sẹ́gbẹ́ ológun tí kò sóhun tó ṣe wọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ 1,189 ni wọ́n yìnbọn pa, ìyẹn ńkọ́, ṣé àwọn yẹn ò níyàá ni?

Èmi náà ò wá lè sùn dáadáa látìgbà yẹn, torí pé Alexander Pyltsyn wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ọ́físà ni nígbà náà, wọn ò fìyà jẹ òun, òun ló ń darí àwọn tó ń jìyà ní Bàtálíọ̀nù Ìjìyà Kẹjọ, títí tó fi kú ní 2018 ló ń bínú sí síríìsì yìí. Ó ní àwọn tóun kó lọ ogun, ọ́físà gidi ni wọ́n, kì í ṣe olè, pé kò sẹ́ni tó dúró tìbọn tìbọn lẹ́yìn wọn. Ẹni tó wà níbẹ̀ lèyí o. Tí àwọn onífíìmù ò bá ti da olè àti àlùfáà pọ̀ mọ́ ọn kó lè dùn wò, ibo lẹ̀gbọ́n mi ì bá ti rí ẹnu láti fagi lé gbogbo ẹ̀? Ìyẹn bí mi nínú sáwọn onífíìmù náà.

Nǹkan mìíràn tún wà. Mo ti máa ń gbà pé ẹni tó bá wo irú eré yìí ò ní fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ láéláé. Ní 2022, Prigozhin, ọ̀gá Wagner, ẹgbẹ́ ọmọ ogun aládàáni ti Rọ́ṣíà, wọnú ọgbà ẹ̀wọ̀n Rọ́ṣíà, ó ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá jà fóun ní Yúkíréènì, oṣù mẹ́fà, tó o bá yè é wọ́n á dárí jì ẹ́, tó o bá débẹ̀ tó o ní o ò ṣe mọ́ wọ́n á yìnbọn fún ẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ló kú sí Bakhmut, ìlú kan ní Yúkíréènì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Sáḿbíà, tó ń ṣẹ̀wọ̀n ní Rọ́ṣíà, kú sógun yẹn náà, ìjọba Sáḿbíà ló kéde ẹ̀. Ọmọ adúláwọ̀ tó lọ kàwé! Àwọn tó wo Tverdokhlebov lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2004 ló wà nílé tí wọ́n ń wo ìròyìn yẹn.

Ohun tó wá ń rú mi lójú ni Glymov, olè tó wà nínú síríìsì yẹn, Yuri Stepanov ló ṣe é. Bó ṣe ń di akọni díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń fẹ́ràn ẹ̀, mo ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé "o káre". Ṣé àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí lóòótọ́, àbí èmi náà ti gbà bíi Stalin pé olè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè di èèyàn padà? Mo fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n lóhùn, mo ti kọ èsì náà tán, mo sì pa á rẹ́, torí mi ò rí ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ibi yìí.